Má Fọ́ Ojú Gáàdì Nítorí Ẹni Tó Dá Wà

Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ore.

Tóyìn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ó dáa. Ẹni tínú ń bí kì í kí èèyàn pẹ́, ìyẹn náà tó. Bàbá rẹ ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mu omi, kí n tó mú bírò. Mo ti mu omi. Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé ni. Mo bi ọ́ pé báwo ni iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn, o ní ó ń lọ. Mo ní géèmù tí ẹ ń ṣe ńkọ́, èyí tó jẹ́ pé èèyàn á máa yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn gáàdì má baà rí i, ṣé ọ̀gá rẹ ti gbà á? O mí kanlẹ̀. O ní ọ̀gá ti fún ọ di ìparí oṣù. O ní àwọn tó ń dá a ṣe ń sá ní míṣọ̀n kẹta torí ó le jù, àwọn tó ń ṣe é ní méjì-méjì sì ń tòògbé torí ó rọ̀ jù, pé tí o ò bá mú un dọ́gba kí oṣù mẹ́ta ìdánwò rẹ tó pé, kí o máa múra ilé bọ̀. Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?" O ní, "Màámi, mo ti rí i ṣe. Ẹni tó bá dá wà, mo ti dín ojú àwọn gáàdì kù fún un. Àwọn tó bá jẹ́ méjì, mo fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí àwọn gáàdì, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa ríran jìnnà." Mo ní, "Dúró ná, ìyẹn ò..." O ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. O ní, "Màámi, ẹ fi sílẹ̀, kò lè yé yín."

Kò lè yé mi!

Èmi Ìyá Onígéèmù. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá ṣí ilé géèmù nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó ẹ̀yìn gáréèjì, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, páàdì mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Èmi tí mo tú páàdì palẹ̀ fúnra mi, tí mo fi abẹ́rẹ́ àti rọ́bà orí ìgò oògùn tún un ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ìyókù, ara páálí géèmù ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Ta ló kọ́ ìwọ gan-an bí wọ́n ṣe ń di páàdì mú? Ṣé ọ̀gá rẹ ni?

Torí náà, jókòó. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Bàbá rẹ dúró sẹ́yìn mi báyìí pẹ̀lú bírò pupa, ó ní òun fẹ́ bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Tísà, ẹ lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ yín ní Odigbo. Ìwé tí mò ń kọ sí ọmọ mi kì í ṣe àròkọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Èmi kì í fẹ̀sùn kan èèyàn láìní ẹ̀rí. Géèmù tí o tún ṣe, tí o fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ lọ́jọ́ Àìkú, a ti ṣe é. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé la jókòó tì í. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọba wà nínú yàrá ẹ̀yìn, kí a wọlé, kí a mú un, kí a jáde, kí gáàdì kankan má rí wa. Irin kan wà lára ògiri. Tí èèyàn bá fà á tó sì dì í mú, géètì á ṣí. Tó bá fi í sílẹ̀, géètì á pa dé. Bàbá rẹ dì í mú, èmi ni kí n wọlé.

"Ẹ dì í mú o, Bàbá Tóyìn."

"Mo ti dì í mú."

"Ẹ má wo ibòmíì o."

"Mo ní mo ti dì í mú! Àbí kí n fi eyín dì í ni?"

Mo wọlé, mo rọra, mo rìn bí ológbò. Gáàdì kan rí mi láti ẹ̀yìn ògiri. Láti ẹ̀yìn ògiri, Tóyìn! Ṣé gáàdì nìyẹn àbí àjẹ́? Ó fọn fèrè, wọ́n ya bo bàbá rẹ níbi tó ti di irin mú bí ẹni tó di ọwọ́ ìyàwó mú. Ó lu ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejìlá, ìyẹn ò ṣubú. Wọ́n mú un, géèmù tì. Ó tì fún èmi náà, èmi tí wọn ò tíì mú! Mo yíjú sí bàbá rẹ, mo ní ẹ ẹ̀ mọ nǹkan kan ṣe. Ó ní ṣebí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ẹbí mi ò rí wa tú ká, àfi géèmù rẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó lọ sílé ìwé, mo dá a ṣe. Mo dé ibi irin yẹn, géètì ṣí fúnra rẹ̀. Ta ló ṣí i? Iwin? Mo wọlé, gáàdì kọjú sí mi gbangba, mo kọjá níwájú rẹ̀. Mo padà, mo dúró síwájú rẹ̀. Mo jó. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò rí mi. Mo mú ìlẹ̀kẹ̀, mo jáde, kọ̀ǹpútà ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Tóyìn, ojú tì mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń di páàdì mú, n ò borí rí kí ojú wá tì mí.

Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí arúgbó má dìde, kó jókòó, kí wọ́n bá a gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó dá wà ń tọrọ àánú?

Gbọ́ ìmọ̀ràn mi báyìí. Mi ò kà á nínú ìwé. Àṣìṣe tèmi ni mo ti ṣà á.

Ìkíní. O mọ ilé bàbá mi ní Araromi-Obu, ṣùgbọ́n o ò bá a nígbà tó dùn. Nígbà náà, tí kòkó bá ti pọ́n, gbogbo iwájú ilé á kún fún ẹní, kòkó á wà lórí ẹ̀, òórùn rẹ̀ á kan bí ọtí, oyin á máa fò yí i ká. Èmi àti Àǹtí Rẹ̀mí rẹ, àbúrò mi, la máa ń yí i, tí a máa ń lé ewúrẹ́, tí a máa ń wojú ọ̀run nítorí òjò. Bàbá mi á jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú fáìlì, á máa pọ́n àdá. Ní pápá ilé ìwé, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù, a máa ń gbọ́ ariwo wọn láti ibi tí a wà. Háà, ariwo yẹn! Bí ẹni pé wọ́n ń pe orúkọ mi ni.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wo bàbá mi. Á fa fáìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, á gbé orí sókè, á wo kòkó, á wò wá, á tutọ́, á padà sídìí àdá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kì í yẹ̀. Nígbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Fáìlì àkọ́kọ́, mo ti dé ìdí ìkòkò omi. Ìkejì, mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìkẹta, mo dùbúlẹ̀, n ò mí. Ó gbójú sókè, ó wò, ó tutọ́. Mo tún gbéra. Tóyìn, n ò rántí ẹyọ bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá wọlé lórí pápá yẹn. Fáìlì yẹn ni mo rántí. Bó o bá pọ́n àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí, màá kà á.

Bàbá mi ò fọ́jú. Ojú rẹ̀ mú, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bàbá mi sì ju alákàn lọ. Mo kọ́ ọ ni. Ká ní ó fọ́jú ni, ìrìn odò lásán ni ìrìn yẹn ì bá jẹ́. Nítorí náà, dá ojú àwọn gáàdì padà fún ẹni tó dá wà. Fún wọn ní ìṣe tí wọ́n ń ṣe léraléra, tí ẹni tó bá ní sùúrù á fi mọ̀ wọ́n.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí o gbàgbé. Nígbà míì, màá tẹ ewé gbígbẹ. Bàbá mi kì í ké mọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Á dá fáìlì dúró, á ní, "Ta nìyẹn?" Èmi á ké bí ewúrẹ́. Á mú fáìlì rẹ̀ padà, á ní, "Ewúrẹ́ yìí, ọdún Kérésì ò jìnnà o." Mo rò pé mo gbọ́n. Mo dàgbà tán kí n tó bi ara mi léèrè bóyá ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ, ohun tí màá mú níbẹ̀ fún ọ ni àkókò tó wà láàárín "ta nìyẹn" àti igbe. Ẹni tó dá wà ò lẹ́ni tó máa gbé e dìde tó bá ṣubú. Má dín ojú gáàdì kù fún un, fi díẹ̀ kún àkókò tó máa fi ké bí ewúrẹ́.

Ìkejì. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo lọ síbi bọ́ọ̀lù, Rẹ̀mí ló ń dúró ti kòkó. Tí bàbá bá fẹ́ dìde, Rẹ̀mí á wúkọ́ gan-an kí n lè gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, òun á lọ, èmi á wúkọ́. Ìyẹn ni géèmù ẹni méjì, ọmọ mi. Ẹnì kan lẹsẹ̀, ẹnì kan lojú. Mo máa wà lórí pápá yẹn, etí mi á wà nílé, mò ń dúró de ikọ́ Rẹ̀mí. Títí di òní, tí ó bá wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ọmọ Odigbo ń bọ̀ wá bá tiwa gbá a. Rẹ̀mí ní, "Èmi náà ń lọ." Mo ní, "Ta ló máa dúró?" Ó ní, "Ìwọ dúró." Mo ní, "Kò ṣeé ṣe." Àwa méjèèjì lọ. Ó sì rọrùn! Èèyàn méjì kọjá lójú bàbá mi bí èèyàn kan, torí kò sí ohun tó so wá mọ́ ohunkóhun. Bàbá parí àdá rẹ̀, ó lọ sóko, ó gbà pé a wà nílé. Òjò dé. Òjò Araromi-Obu kì í kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí a máa fi sáré dé, ẹní ti di odò, kòkó ń léfòó. A sá a, a sá a, ó bu. Ẹni tó wá rà á la hóró kan sí méjì, ó wò ó, ó pòṣé, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Bàbá mi ò nà wá. Ì bá nà wá. Ó kàn wo èmi, ó wo Rẹ̀mí, ó ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbí, kò sì sẹ́nì kankan níbí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

Ṣé o rí ibi tí míṣọ̀n rẹ ti rọ̀ jù fún ẹni méjì? Kì í ṣe torí pé gáàdì rẹ ò lágbára. Kò sí kòkó lórí ẹní ni! Kò sí ohun tí wọ́n ní láti máa ṣọ́ níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tó máa mú kí ọ̀kan dúró de ikọ́ èkejì. Àwọn méjèèjì kàn ń rìn tẹ̀lé ara wọn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ìwọ wá lọ sọ gáàdì di àjẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn bá wá bá bàbá mi ṣe àáró, tí wọ́n jẹ́ mẹ́fà lórí iṣẹ́ tí òun nìkan máa ń ṣe, kì í gba àdá wọn kó lọ fi ṣá òkúta kó lè kú. Oko ló máa ń fi kún un. Fi oko kún un fún wọn, Tóyìn. Yọ ẹ̀mí tí o kì sínú gáàdì kúrò.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ irin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀dé, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, òun ló kọ́ mi ní òkété pípa. Ihò òkété kì í jẹ́ ẹyọ kan, ìwọ náà mọ̀. Tí mo bá dá lọ, màá wá gbogbo ẹnu ihò, màá fi ewé tútù àti erùpẹ̀ dí wọn, á ku ẹyọ kan, níbẹ̀ ni màá fẹ́ èéfín sí. Ó ń pẹ́, ó ń rẹni, ọwọ́ mi á dúdú. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ yẹn ni ẹnì kejì mi. Nígbà tí mo bá dá wà, ihò kankan ò dí fúnra rẹ̀ rí kó ní nítorí ìwọ nìkan lo wá. Géètì rẹ tó ń ṣí fúnra rẹ̀ yẹn, yọ ọ́! Fún mi ní òkúta tí màá fi ti irin náà mọ́lẹ̀. Jẹ́ kó dún gbì tí mo bá gbé e sí i, kí gáàdì yíjú, kí n sá pamọ́. Ìyà tèmi ni, fi í sílẹ̀ fún mi.

Tí èmi àti Bọ̀dé bá jọ lọ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan a rí ihò mẹ́ta. Mo dí ọ̀kan, ó dí ọ̀kan. Mo rò pé ó ti dí ìkẹta. Òun náà rò pé mo ti dí i. A fẹ́ èéfín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òkété náà jáde ní ihò kẹta, àfi bí ẹni ń lọ sọ́jà, ó tiẹ̀ dúró wò wá.

"Ṣebí o ní o ti dí i?"

"Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo sún mọ́ ọn!"

A jà dé ilé. Ẹ̀fọ́ la fi jẹun. Nínú géèmù rẹ, bàbá rẹ ò mọ ihò tí mo ti dí, èmi náà ò mọ tirẹ̀. Fi àmì kan sí i, kí ẹni tó bá ṣe nǹkan hàn sí ẹnì kejì. Má sì tì í mọ́ àwọn méjèèjì lórí nítorí wọ́n mú ẹnì kan. Jẹ́ kí ẹni tó kù ní àyè láti lọ gba èkejì sílẹ̀, kó sì náni ní nǹkan, kí àkókò lọ lórí ẹ̀, kí gáàdì méjì kún un. Tó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá mú bàbá rẹ, dípò kí n bú u, màá máa bọ̀ wá gbà á.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún, n ò kà á mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹnì kan kì í jẹ́ "àwá dé." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló ń jí lówùúrọ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò lẹ́nì kejì tó máa di páàdì kejì mú. Ọmọ tó wà ní yàrá kan ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Bíi tìrẹ ní Ìbàdàn. Má ṣe míṣọ̀n kan fún ẹni méjì kó o wá ju èyí tó ṣẹ́ kù sí ẹni tó dá wà. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ kù, ẹni tó bá jẹ ẹ́ máa ń mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò, mo kàn ń sá fún un láti òkè ni.

Ṣé o rántí ṣọ́ọ̀bù wa? O máa ti ilé ìwé dé, o ò ní bọ́ yunifọ́ọ̀mù, wàá dojú kéèsì mínírà dé, wàá jókòó lé e. Àwọn awakọ̀ á ti já èrò kalẹ̀ kí wọ́n lọ jẹun, eruku ọ̀nà Èkó sí Benin á máa wọlé, òórùn bọ̀ọ̀lì á máa wọlé, jẹnẹrétọ̀ á máa wúkọ́. Àwọn ọmọkùnrin gáréèjì á kún ibẹ̀, ariwo bí ọjà. Ìwọ ọmọ ọdún mẹ́jọ, o ń nà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sùnkànmí ọmọ onífúkanáìsà, tó ga bí òpó iná, á káwọ́ mọ́rí pé, "Yéè! Tóyìn ti pa mí o! Ẹ gbà mí!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á hó. Ìwọ á gbé àgbọ̀n sókè bí olorì. N kò rí ohun tó lẹ́wà tó ojú rẹ nígbà yẹn rí. Mo ṣì máa ń rí i tí mo bá pa ojú dé.

Tóyìn, irọ́ ni. Èmi ni mo sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kìíní tí ẹnì kan nà ọ́ tí o sunkún, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹni tó bá tún na Tóyìn, kò ní wọ ibí yìí mọ́." Ọdún méje ni wọ́n fi ń jẹ́ kí o borí. Sùnkànmí lè nà ọ́ tòun ti ojú dídì. Ẹ̀rù mi ló ń bà á.

O wá di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o ní o fẹ́ lọ díje ní Àkúrẹ́. Mo ní kò burú, mo tiẹ̀ ra bàtà fún ọ. Ọmọkùnrin kan tó wọ sálúbàtà, tí kò tiẹ̀ wo ojú rẹ, ó nà ọ́ kí n tó ra omi dé. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Ore, o sunkún láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. O ní, "Màámi, páàdì wọn ni ò dáa." Mo ní, "Páàdì ni, ọmọ mi. Páàdì wọn ni." O ò fọwọ́ kan géèmù fún ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń wò ọ́, mo ń gbọ́únjẹ fún ọ, n ò sọ nǹkan kan.

Kò sóhun tó ṣe páàdì. Èmi ni mo fọ́ ojú gbogbo gáàdì tó wà ní Ore nítorí rẹ. Ìfẹ́ ni mo pè é. Mo gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ tí mi ò lè rà padà: o ò mọ̀ títí di òní èwo nínú gbogbo ìyẹn ni tìrẹ. Nígbà tí mo dúró níwájú gáàdì rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí kò rí mi, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Mo ti fi òkè ìwé yìí pariwo mọ́ ọ, n ò sì kọ ọ̀kan nù nínú ẹ̀. Àmọ́ ibi tí o ti kọ́ ọ, mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni. Má bínú sí mi. Tó o bá sì fẹ́ bínú, bínú, mo tọ́ sí i.

Ohun tí màá fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́la, tó o bá délé iṣẹ́, tú ohun tí o ṣe yẹn palẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ẹnì kan tí kò fojú kan géèmù náà rí, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì, kó jókòó, kó dá a ṣe níwájú rẹ. Di ẹnu rẹ. Má sọ fún un pé "gba ọ̀tún." Má bá a di páàdì mú. Tó bá kùnà, kó kùnà. Kọ ibi tó ti mí kanlẹ̀ sílẹ̀, kọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín. Yóò le fún ọ ju bó ṣe le fún òun lọ. Mo mọ̀, torí pé n ò lè ṣe é fún ọdún méje.

Tí oṣù bá parí tí ọ̀gá rẹ bá ní kò tó, kó gbàṣẹ́ ẹ̀. Yàrá rẹ wà níbí, pupuru wà nílé fún jíjẹ, a ò ní bi ọ́ léèrè. Kí iṣẹ́ náà kúkú bọ́ lórí míṣọ̀n tí ìwọ fúnra rẹ lè borí kí ojú má tì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó máa bọ́. Ọmọ tó fi ọdún méjì kọ géèmù sílẹ̀, tó tún padà sídìí ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó borí mọ́, ìyẹn kò ti ọwọ́ mi wá. Tìrẹ nìyẹn.

Sùnkànmí ti ní ṣọ́ọ̀bù fúkanáìsà tirẹ̀ báyìí lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ lánàá, mo sọ fún un pé Tóyìn ń bọ̀ wálé lọ́dún, pé kó wá kí ọ, kí ẹ jọ di páàdì mú. Ó fi ìnura nu ọwọ́, ó wò mí tìfura-tìfura.

Ó ní, "Màmá, ṣé kí n máa ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá. Nà án."

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Onígéèmù.